Ta Ló Sọ Pé Wọ́n Ti Gbàgbé?

Dọ́fíìnì méjì kan wà, ẹranko inú òkun ni wọ́n, abo ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Allie, èkejì ń jẹ́ Bailey. Nígbà tí Allie jẹ́ ọmọ ọdún 2, tí Bailey sì jẹ́ ọmọ ọdún 4, inú omi kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Florida, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà wọn pín. Allie balẹ̀ sí ọgbà ẹranko Brookfield nítòsí Chicago, Bailey sì dèrò erékùṣù Bermuda láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Wọn ò fojú kan ara wọn mọ́, wọn ò sì gbọ́ ohùn ara wọn fún ọdún 20 ó lé oṣù 6. Lọ́jọ́ kan, olùwádìí kan ri sípíkà sínú omi Bailey, ó sì fi ohùn Allie tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sí i. Bailey dá a mọ̀.

Jason Bruck ni orúkọ olùwádìí náà. Yunifásítì Chicago ló wà nígbà yẹn, ọdún 2013 sì ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Àgbádárìgì, ìlú tí ọ̀rọ̀ ìrántí àti ìgbàgbé ti ju ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka irú ìròyìn báyìí, tí wọ́n á ní, “Háà, ẹranko yìí mà gbọ́n o,” tí wọ́n á sì kọjá lọ. Èmi ò lè kọjá. Ohun tó dá mi dúró ni pé, kí Bruck tó dé, ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ẹranko tí wọ́n gbé kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbàgbé láìpẹ́. Ta ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe láǹfààní? Kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí Bailey gbọ́. Dọ́fíìnì kì í ṣe ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló ń gbé. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ó sì ń jáde sójú omi láti mí sínú bíi tiwa. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n bí i, dọ́fíìnì kọ̀ọ̀kan máa ń dá súfèé kan sílẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí yóò máa fi pe ara rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Tọkọtaya kan, Melba Caldwell àti David Caldwell, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1965. Ní 2013 kan náà tí iṣẹ́ Bruck jáde, Stephanie King àti Vincent Janik ti Yunifásítì St Andrews fi hàn ní etí òkun Scotland pé bí dọ́fíìnì bá gbọ́ ẹ̀dà súfèé tirẹ̀, ó máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Nínú àṣà wa, ohun tó sún mọ́ ọn jù lójú tèmi ni oríkì tí wọ́n fi ń ké sí ọmọ láti orí ìkúnlẹ̀, èyí tí ẹni tó ni ín kì í gbọ́ kí ara rẹ̀ má yí padà.

Báwo wá lèèyàn ṣe ń bi ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹni pé, ṣé o rántí? Ibí yìí ni iṣẹ́ Bruck ti dùn mọ́ mi jù. Súfèé àwọn àjèjì ló kọ́kọ́ ń fi sí i, ìyẹn àwọn dọ́fíìnì tí èyí tó ń gbọ́ kò bá gbé rí láyé. Níbẹ̀rẹ̀, dọ́fíìnì náà lè wá yọjú wò ó. Bó bá gbọ́ ọ títí, yóò sú u, kò ní ka nǹkan náà sí mọ́. Ìgbà tó bá ti sú u tán pátápátá ni Bruck yóò wá fi súfèé ẹni tí wọ́n jọ gbé rí sí i, láìkéde, láìjuwọ́. Ara rẹ̀ á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á sáré wá sídìí sípíkà, á máa rà bàbà yí i ká, á máa súfèé sí i, ó ń fẹ́ kí ó dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé nítorí ohùn náà yàtọ̀ ló ṣe jí, Bruck tún ń fi ohùn àjèjì mìíràn sí i, tó jẹ́ ojúgbà ọ̀rẹ́ àtijọ́ yẹn, akọ fún akọ, abo fún abo. Ìyẹn kò jí i bẹ́ẹ̀.

Dọ́fíìnì tó lé ní 40 ni ó dán wò ní ibùdó 6 tí wọ́n ti ń sìn wọ́n. Bóyá wọ́n bára tan tàbí wọn ò tan, bóyá ìpínyà wọn ti pẹ́ tàbí kò tíì pẹ́, èsì ò yí padà. Kódà àwọn tí wọn ò jọ gbé pẹ́ rárá dá ara wọn mọ̀. Nínú òkun gbalasa, ọ̀pọ̀ dọ́fíìnì ni kì í lò ju nǹkan bí ọdún 20 lọ láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń kọjá 40. Ìrántí ohùn ọ̀rẹ́ kan fún ọdún 20, odindi ayé ẹlòmíràn nínú wọn nìyẹn.

Mo fẹ́ ká dúró lórí bí ìdánwò yìí ṣe ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú òkun kò ní rí i ṣe, nítorí ta ló mọ ìgbà tí dọ́fíìnì méjì ríra gbẹ̀yìn nínú agbami? Ṣùgbọ́n ibùdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn jọ ń pààrọ̀ dọ́fíìnì láàárín ara wọn, kí wọ́n lè máa gùn, kí wọ́n lè máa bímọ láìsí pé ìbátan ń gun ìbátan. Wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: èwo ló bá èwo gbé, ọjọ́ wo ni wọ́n gbé èyí wá, ọjọ́ wo ni wọ́n gbé tọ̀hún lọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé yẹn ni Bruck ṣí. Kò sí ìwé ìpínyà, kò sí ìdánwò. Bruck kọ́ ló ya ẹnikẹ́ni o, ó bá a bẹ́ẹ̀ ni, mo sì dúpẹ́ pé ó béèrè ìbéèrè tí kò sí ẹni tó béèrè ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn tó ń kọ̀wé náà ń kọ ọ́, èyí tí wọ́n ń gbé lọ náà ń kọ tirẹ̀ sínú. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Irú ìdánwò yìí ti pẹ́ kí ti Bruck tó dé. Ní Honolulu ní Hawaii, Louis Herman dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Kewalo Basin ní 1970. Ní 1977, òun àti Roger Thompson kọ̀wé nípa dọ́fíìnì kan tí wọ́n ń fún ní oríṣiríṣi ìró láti gbọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, títí dé ìró 6. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìró kan ṣoṣo sí i, dọ́fíìnì náà á sì fi ibi tó tẹ̀ sọ bóyá ìró yẹn wà nínú èyí tó gbọ́ tàbí kò sí. Ó ń gbà á, àmọ́ èyí tó gbọ́ kẹ́yìn ló máa ń mọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa náà: kí wọ́n ka orúkọ mẹ́wàá fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà, tìkẹyìn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, níbẹ̀ kan náà, wọ́n kọ́ dọ́fíìnì ní àmì ọwọ́ kan tó túmọ̀ sí “tún ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán ṣe.” Kò rọrùn bó ṣe dún. Ẹni tí wọ́n bá ní kó tún un ṣe gbọ́dọ̀ rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un.

Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n wo bí àwọn olùwádìí yẹn ṣe ṣọ́ra. Ní Kewalo, ẹni tó ń juwọ́ sí dọ́fíìnì máa ń wọ awò dúdú tó bo ojú pa, kí ẹranko náà má baà ka ìdáhùn láti ojú rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wá láti Jámánì. Ẹṣin kan wà ní Berlin tí wọ́n ń pè ní Hans, tó ń fi pátákò ka ìṣirò, tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Ní 1907, Oskar Pfungst fi hàn pé ojú àti orí ẹni tó ń béèrè ni ẹṣin náà ń wò. Bí ara onítọ̀hún bá ti sinmi díẹ̀, ẹṣin á dá ẹsẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà ni olùwádìí tó mọṣẹ́ ti ń fi ara pamọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi gba àwọn ìdánwò wọ̀nyí gbọ́ ju ìtàn àròsọ lọ.

Kewalo yẹn náà ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní 1977 tí mi ò lè fò dá. Òṣìṣẹ́ méjì gbé dọ́fíìnì méjì kúrò níbẹ̀ lóru, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ sínú òkun, nítorí wọ́n ní ìyà ti pọ̀ jù fún wọn nínú ọpọ́n omi. Wọ́n fẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun ṣe é láti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ewu, bí òfin ṣe fàyè gbà. Ní 1980, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Hawaii dáhùn pé dọ́fíìnì kì í ṣe “ẹlòmíràn” lójú òfin náà, dúkìá ni. Ẹ̀bi olè dúró lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rìn dé Ọjà Vlekete níbí, tí ẹ ti gbọ́ pé èèyàn ni wọ́n ń kó wá tà níbẹ̀ nígbà kan, ẹ ó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà “dúkìá” fi dùn mí dé egungun.

Rio ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kìnnìún òkun ni, ẹranko tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, tó sì lè rìn lórí ilẹ̀. Ní ibùdó ìwádìí Long ní Santa Cruz, California, ló ń gbé nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Ní 1991, wọ́n kọ́ ọ ní eré kan. Wọ́n á ṣí àwòrán kan láàárín fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí méjì mìíràn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà ti àárín. Iṣẹ́ Rio ni kó lọ síbi èyí tó bá ti àárín dọ́gba. Bó bá gbà á, wọ́n á ju ẹja fún un. Ó kọ́ ọ títí ó fi di pé bí wọ́n gbé àwòrán tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ó ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe àwòrán ló há sórí, ìlànà inú rẹ̀ ló yé e.

Wọ́n pa eré náà tì. Ọdún 10 kọjá tí kò ṣe é mọ́. Colleen Reichmuth Kastak àti Ronald Schusterman wá gbé e padà síwájú rẹ̀, láìtún un kọ́. Rio gbà á bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, ti àwòrán àtijọ́ àti ti tuntun. Iṣẹ́ náà jáde ní 2002. Mo máa ń ro bí ó ti ṣe rí lára Rio lọ́jọ́ náà, nígbà tí ibi méjì ọ̀tún àti òsì yẹn ṣí lójijì lẹ́yìn ọdún 10, tí ó sì mọ̀ ní kíá ohun tí wọ́n ń bi í. Kò sí ẹni tó lè sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n.

Bruck ò sì dúró síbi ohùn. Ní 2022, òun àti Janik àti ẹnìkejì wọn, Sam Walmsley, fi hàn pé dọ́fíìnì ń fi ẹnu tọ́ ìtọ̀ ara wọn wò nínú omi, ó sì ń pẹ́ nídìí ti ojúlùmọ̀ ju ti àjèjì lọ. Bí wọ́n bá wá fi súfèé ẹni tó ni ìtọ̀ náà tẹ̀ lé e, ó tún ń fiyè sí i ju bí wọ́n bá fi ti ẹlòmíràn sí i. Ohùn àti ìtọ́wò, ẹni kan náà ni lọ́kàn rẹ̀.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu mi. Ìdánwò Bruck kò sọ fún wa pé àárò Allie ń sọ Bailey. Dídá ohùn mọ̀ yàtọ̀ sí àárò, èèyàn lè dá ohùn ẹni tí kò fẹ́ rí mọ́ láéláé mọ̀. Ohun tí ìdánwò náà ṣe ni pé ó gba àwáwí kan lọ́wọ́ wa. Kí ó tó dé, ẹni tó fẹ́ gbé dọ́fíìnì kan láti ibùdó kan lọ sí òmíràn lè fọkàn balẹ̀ pé bí oṣù bá ti gorí oṣù, ọ̀rọ̀ á ti tán. Ọ̀rọ̀ kì í tán. Láti 2013, ẹni tó bá ń yà wọ́n mọ̀ pé òun ń yà wọ́n.

Mo ní kí n sọ ti ìlú wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina nílùú Àgbádárìgì, tó sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, yóò rin ọ̀nà oníyanrìn kan títí dé etí òkun, níbi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń mú àwọn tí wọ́n ti tà gbà lọ sínú ọkọ̀. Kí èèyàn tó dé òkun, kànga kan wà. Àwọn tó ń mú àlejò rìn níbẹ̀ ń sọ pé wọ́n á fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀, pé ẹni tó bá ti mu ún, kò ní rántí ilé mọ́, yóò di ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni o,” ni ọmọkùnrin tó mú mi lọ sọ, “kò sí ẹni tó ń mu ún lẹ́ẹ̀mejì.” Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ti kọ́ òrùlé lé e lórí, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀. Láàárín ọ̀sà àti òkun níbẹ̀, omi kì í jìn.

Mi ò fi ọmọ èèyàn wé ẹranko o. Wọ́n ti fi àwọn baba ńlá wa wé ẹran rí, ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè so wọ́n lókùn kí wọ́n sì tà wọ́n nìyẹn, irú rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde. Ẹni tó ń ta èèyàn ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá rántí ilé yóò jà, yóò sá, yóò bẹ́ sómi. Ìgbàgbé ló ń wá, nítorí ìgbàgbé ló mú ọjà rẹ̀ rọrùn láti kó. Bí kò bá rí ìgbàgbé tòótọ́, yóò pa ìtàn rẹ̀, yóò sì gba ìtàn náà gbọ́ kí ó lè sùn.

A sì mọ̀ pé wọn ò gbàgbé. Ní Cuba, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí ṣì ń fi èdè Yorùbá kọrin fún òrìṣà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Brazil. Kí a tilẹ̀ má lọ jìnnà, ẹ wo Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, tí wọ́n sì tú wọn ká. Wọ́n tà á kiri títí ó fi dé Èkó, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òkun ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dàgbà ní Freetown. Ní 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa níbí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ọdún kan náà tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà parí létí Marina. Ó dúró níbí ju ọdún kan lọ, torí pé ọ̀nà Abẹ́òkúta kò tíì là. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá rẹ̀, Àfálá, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ni. Ọdún 25 ti kọjá. Crowther fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn kàn ń wo ara àwọn, omijé ń bọ́ lójú ìyá òun, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi pe òun nígbà kékeré pe òun. Orúkọ ilé, tí Freetown ò mọ̀, tí ilé ìwé ò mọ̀. Ọdún 25, ìyá náà ò tíì sọ ọ́ nù.

Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa súfèé dọ́fíìnì, mo máa ń sọ ìtàn yẹn fún wọn tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Mà, ṣé wọ́n dá Allie padà fún Bailey?” Mo ní mi ò kà á níbì kankan pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Kí ni wọ́n wá ń dán an wò fún?” Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú irú àwọn ẹranko yìí gbọ́ ọ bó ṣe béèrè rẹ̀. Ìmọ̀ tí a rí gbà lára ẹranko tí kò lè jáde, tí a kò sì fi tún ayé ẹranko náà ṣe, mo ka ìyẹn sí gbèsè. Ó kéré tán, kí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn di ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé ẹnikẹ́ni lọ, láti mọ ọ̀rẹ́ tó ní níbi tó wà àti ẹni tó mọ̀ níbi tó ń lọ.

Ẹ rántí Tokitae, abo àbùùbùtán onídúdú-òun-funfun tí wọ́n ń pè ní Lolita. Oṣù Kẹjọ 1970 ni wọ́n fi àwọ̀n kó o ní Penn Cove ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n sì gbé e lọ sí Miami, níbi tó ti ń ṣeré fún àwọn òǹwòran. Ìran rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìró igbe tirẹ̀, tí ọmọ ń kọ́ lẹ́nu ìyá. Àwọn tó gbọ́ igbe rẹ̀ ní Miami lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé igbe ilé rẹ̀ ló ṣì ń ké, nígbà tí kò sí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Lummi, onílẹ̀ agbègbè tí wọ́n ti kó o, ka á sí ẹbí wọn, wọ́n sì jà fún ìpadàbọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n kéde ètò láti dá a padà sínú òkun rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó kú ní Miami. Ọdún 53.

Ẹnìkan lè ní, kí ló kàn wá nínú ẹranko tí àwọn Òyìnbó ń sìn? Òkun tó wà níwájú Gbẹ̀rẹ̀fù ní dọ́fíìnì tirẹ̀. Ẹ̀yà kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àyàfi etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láti Western Sahara títí dé Àǹgólà: ó ní iké lẹ́yìn, ìtòsí etí òkun ló sì ń gbé, níbi tí omi kò jìn. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Sousa teuszii. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé gbogbo wọn tó kù kò tó 3,000, láti 2017 sì ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ohun abẹ̀mí, ti kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa run. Àwọ̀n ẹja ló ń pa wọ́n jù. Wọn kì í dá rìn, ibi tí wọ́n bá sì ti mọ̀ ni wọ́n máa ń padà sí, torí náà èyí tí àwọ̀n bá mú, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Mo bá apẹja àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ létí òkun, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ká àwọ̀n. Okùn tí wọ́n fi ń fà á ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle gan-an, ó ń fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tó ya bó ṣe ń dá mi lóhùn.

“Bàbá, ṣé ẹ máa ń rí ẹran omi yẹn, èyí tó máa ń yọ ẹ̀yìn sókè tó sì ń mí?”

“A máa ń rí wọn, ọmọ mi. Méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn wọ́n á pọ̀.”

“Ṣé ó máa ń kó sínú àwọ̀n yín?”

Kò tètè dáhùn. “Ọ̀kan kó sí i nígbà kan. Kí a tó fà á dórí iyanrìn, ó ti kú. Àwọn yòókù ò lọ. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níwájú ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.”

Mo bi í pé ṣé ó rò pé wọ́n á rántí. Ó gbé ojú sókè. “Èmi tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, mo rántí. Kí ló máa ṣe àwọn tó ni ín tí wọn ò fi ní rántí?”

Mo sọ ti Bailey fún un, ọdún 20 ó lé oṣù 6. Kò yà á lẹ́nu tó bí mo ṣe rò. Ohun tó bi mí ni ti àwọ̀n: bí èyí tó wà láàyè bá kó sí i, gígé ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kí ó lè jáde, ẹja inú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ta ni yóò san án? Ó ní owó àwọ̀n kì í ṣe owó kékeré, gbèsè ni àwọn sì fi ra èyí tí wọ́n ń ká lọ́wọ́ yìí. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí apẹja gé àwọ̀n rẹ̀ nítorí dọ́fíìnì gbọ́dọ̀ mú owó àwọ̀n lọ́wọ́ wá, ìyẹn ìjọba ní Alausa àti àwọn àjọ tó ń pariwo nípa ẹranko tó ń parẹ́. Mo sọ fún un pé mo máa kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ dáadáa, kí n fi kún un pé bí wọ́n bá lè fún àwọn ní òmíràn dípò èyí tó bá ya, àwọn á gé e lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí ìjà.